Mùsíọ́ọ̀mù, òkè, àbí ọgbà: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ mú àlejò lọ ní Ìbàdàn?

Bí àlejò bá wọ Ìbàdàn, tó sì ní ọjọ́ kan péré láti fi rìn kiri, ẹnu àwọn onílé kì í kò lórí ibi tí wọn yóò mú un lọ. Ẹnì kan á ní Àgodi, torí orúkọ ibẹ̀ ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ẹlòmíràn á ní mùsíọ́ọ̀mù, torí ìtàn ni àlejò ń bèèrè. Ẹnì kẹta á ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ wo kìnnìún ní Yunifásítì. Ibi tó dára ni gbogbo wọn, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ènìyàn yàtọ̀ síra. Lójú tèmi, mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn Ìbàdàn, orí òkè ni ìtàn yẹn wà. Ọgbà Àgodi náà, ibi ìsinmi ni. Ẹni tó bá tìtorí ẹranko lọ síbẹ̀, ó yẹ kó ti kọ́kọ́ dé Yunifásítì.

Aléṣinlóyè tàbí Òkè Àrẹ?

Mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tó wà lẹ́bàá Aléṣinlóyè, lápá Jẹ́ríkò, ni wọ́n ń pè ní National Museum of Unity. Ọdún 2002 ni wọ́n ṣí i. Nítorí ìṣọ̀kan ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà ni wọ́n sì kó síbẹ̀, kí ọmọ Ìbàdàn lè rí ti àwọn yòókù, kí àwọn yòókù sì rí tiwa. Ibi kan wà fún nǹkan Yorùbá, ibi kan fún ìkòkò, ibi kan fún egúngún, ibi kan sì wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀.

Ibi ìkòkò ni kẹ́ ẹ ti fẹsẹ̀ palẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn yọjú síbẹ̀, wọ́n á ní "ìkòkò náà ha kọ́ nìyí?", wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sún mọ́ ara ìkòkò, ẹ wo àwọn ilà wẹ́wẹ́ tó máa ń yí i ká. Àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ wa máa ń yí ṣùkù àgbàdo, tàbí igi kékeré tí wọ́n gbẹ́ iṣẹ́ sí lára, gba orí amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ibẹ̀ ni ilà yẹn ti ń wá. Ó ń bu ẹwà kún un, ó sì tún ń jẹ́ kí ọwọ́ tó lómi rí nǹkan dì mú. Ìkòkò omi tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: omi díẹ̀ ń là gba ara amọ̀ jáde, atẹ́gùn ń gbé e lọ, èyí tó kù nínú rẹ̀ á sì máa tutù láìsí iná NEPA. Ọmọ tó ti há irú ọ̀rọ̀ yìí sórí nínú ìwé sáyẹ́ǹsì láì mọ ohun tó ń sọ, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀, kó ronú. Ẹ tún bi í pé èwo nínú wọn ló ti rí iná rí. Ìdí ìkòkò tó dúdú á dá a lóhùn.

Ti egúngún náà ní nǹkan tí kò sí níta. Ní ìgboro Ìbàdàn, bí Olóòlù bá jáde, obìnrin kì í wò ó. Ilẹ̀kùn á tì, ìyá á pe ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé. Bí Alápáǹsánpá bá jáde, ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú pàṣán á pọ̀ débi pé ẹni tí kò mọ̀lú á gba ọ̀nà mìíràn. Ní mùsíọ́ọ̀mù, ẹ̀kú wà ní ìdúró jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni lè tẹjú mọ́ ọn, kó wo bí wọ́n ṣe ń to aṣọ lé aṣọ. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí èyí kò dùn mọ́ nínú, tí wọ́n ní egúngún tí kò rìn kì í ṣe egúngún mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Síbẹ̀, fún obìnrin tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ òun fún látìgbà èwe, mi ò mọ ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè àlejò yín bá jẹ́ "báwo ni ìlú yìí ṣe di báyìí?", ẹ má mú un lọ sí Aléṣinlóyè. Ẹ gun Òkè Àrẹ.

Ilé ìṣọ́ kan wà lórí òkè náà tí òyìnbó ń pè ní Bower's Tower, tí gbogbo Ìbàdàn ń pè ní Layípo. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sí Ìbàdàn ní 1893. Ó ga tó nǹkan bí 60 ẹsẹ̀ bàtà. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀, tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, jẹ́ 47. Ó há. Ẹni tó ń gòkè gbọ́dọ̀ fara mọ́ ògiri kí ẹni tó ń sọ̀ tó lè kọjá, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn láti òkè: "Ẹ dúró ná, màmá ń bọ̀ níbí o! Mọ̀mí, ẹ rọra, ẹ fọwọ́ gbá ògiri mú." Bí orúnkún màmá yín bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀. Orí òkè náà fúnra rẹ̀ ga tó láti rí ìdajì ìlú.

Ìtàn wà nínú ibi tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ náà sí. Àrẹ Látóòsà ló fún òkè yẹn lórúkọ, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kó ogun Ìbàdàn lọ sí Kírìjì, tó sì kú sójú ogun ní 1885. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Bower fi dé. Ní 1895, Bower yìí kan náà ló yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ nígbà tí òun àti Aláàfin Adéyẹmí Kìíní jọ forí gbárí. Bí ará Ọ̀yọ́ bá wà láàárín àlejò yín, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ kó tó gùn ún. Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ náà, 1936, ni wọ́n tún yí oyè Baálẹ̀ Ìbàdàn padà sí Olúbàdàn. Ẹni tó wà lórí oyè nígbà náà ni Okùnọlá Abass Aléṣinlóyè, tí ọjà àti àdúgbò tí mùsíọ́ọ̀mù wà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé òkè pátápátá, ẹ kọjú sí Màpó. Páànù pupa tó ti dógùn-ún ni ẹ ó rí, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, láìsí títì tó tọ́ láàárín wọn. Ibùdó ogun ni ìlú yìí nígbà tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀ dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Ológun kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀ tirẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì kọ́lé yí i ká, ìdí nìyẹn tí agboolé fi ju òpópónà lọ ní apá ibẹ̀. Ìdí kan náà ni kò fi sí ọmọ ọba tí wọ́n bí sórí oyè ní Ìbàdàn: ìlà Òtún àti ìlà Balógun ló wà, olóyè á máa gun àkàsọ̀ láti ìsàlẹ̀ títí tí yóò fi kàn án. Lórí òkè kejì, ẹ ó rí Gbọ̀ngàn Màpó ti 1929, ilé ìjọba òyìnbó tó gbé àwọn òpó ràgàjì dúró. Lẹ́yìn náà ẹ yíjú sí Dùgbẹ̀, kẹ́ ẹ wo Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ tán ní 1965. Ogun, òyìnbó, kòkó: ojú kan lẹ ti rí gbogbo rẹ̀. Kò sí àpótí gíláàsì tó lè gba ìyẹn.

Màpó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má lọ ní Sátidé. Òwàm̀bẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, èyíkéyìí nínú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò lè wà lẹ́yìn àga oníke àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ ló tutù. Ẹnjiníà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Robert Jones, tí wọ́n ń pè ní Taffy, ló yàwòrán ilé náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi Olúbàdàn jẹ títí di òní. Láti Màpó, Kúdẹtì kò jìnnà, níbi tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ gbé láti 1853, tí wọ́n dá ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì á gbádùn ibẹ̀. Àwọn yòókù lè ṣíwọ́ ní Màpó.

Ká má parọ́, mùsíọ́ọ̀mù rọrùn ju òkè lọ. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lè tọ́ka nǹkan sí yín, àjà wà lórí, òjò kò lè lé yín. Lórí Òkè Àrẹ, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó mọ ìtàn náà, tàbí kẹ́ ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání. Àlejò tí kò rẹ́ni sọ̀tàn fún un níbẹ̀ á kàn ya fọ́tò páànù, á sọ̀ kalẹ̀.

Àgodi tàbí ọgbà ẹranko Yunifásítì?

Níbí ni àwọn òbí ti ń ṣìyàn jù. Ọdún 1967 ni wọ́n dá Ọgbà Àgodi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ọgbà igi. Omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980 gbá ibẹ̀ kọjá, ó bà á jẹ́ gan-an, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2014, ohun tí wọ́n gbájú mọ́ ti yàtọ̀: odò ìwẹ̀ àti ibi tí ọmọdé ti ń yọ́ sínú omi, koríko tí wọ́n gé dáadáa, adágún, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹranko ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ìwọ̀nba ni.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ọdún tí yunifásítì náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹranko. Ní 1974 ló di ọgbà ẹranko gidi. Kìnnìún wà níbẹ̀, ọ̀nì wà, ìnàkí, ògòǹgò, àti ilé ejò tí àwọn ìyá kì í fẹ́ wọ̀, tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ jáde níbẹ̀. Nítorí pé ẹ̀kọ́ ló bí i, àkọsílẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ àgò: orúkọ ẹranko, ohun tó ń jẹ, ibi tó ti wá.

Ọmọ ọdún mẹ́rin kò nílò àkọsílẹ̀ kankan. Koríko ló nílò, ibi tó lè sáré títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́. Àgodi ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, torí bó ti wù kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún un tó, omi á kàn án. Àtọmọ ọdún méje sókè, tó ti ń bèèrè pé "kí ló dé tí ọ̀nì fi ń yanu sílẹ̀?", Yunifásítì ni tirẹ̀. (Ara rẹ̀ ló ń tù nínú oòrùn. Ẹ fi ìdáhùn yẹn sápò kẹ́ ẹ tó lọ.) Bí àwọn méjèèjì bá wà nílé kan náà, ẹ jẹ́ kí àgbà wọn borí. Ọmọ ọdún mẹ́rin á rí nǹkan fi dárayá ní Yunifásítì, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń wo àgò díẹ̀ ní Àgodi á sọ pé ó ti sú òun.

Ohun mìíràn tí Yunifásítì fi ju Àgodi lọ ni gbogbo ohun tó yí i ká. Ọgbà náà kò dá wà. Láti géètì, kábúkábú inú ọgbà á gbé yín kọjá lábẹ́ igi ńláńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀ láti gba atẹ́gùn kí ẹ̀rọ amúlétutù tó di ohun gbogbo ayé. Ẹ wo ògiri tí wọ́n dá ihò sí lára, kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ tún lè bèèrè mùsíọ́ọ̀mù kékeré ti ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ìwalẹ̀pìtàn. Ibẹ̀ ni Thurstan Shaw ti ṣiṣẹ́, ẹni tó hú idẹ Igbo-Ukwu jáde nínú ilẹ̀. Ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ìjọba tún wà nínú ọgbà yẹn kan náà, àmọ́ ibi iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí ni. Ẹ má kó ọmọdé lọ síbẹ̀.

Ti Àgodi náà ní àdúgbò tirẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bẹ́ ẹ bá ń kọjá. Wọn ò ní gbà gbọ́ pé ìgbà kan wà tí kò sí tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ ọdún, Iléyá, Kérésìmesì, Àjíǹde, ẹ sá fún àwọn méjèèjì. Èrò á pọ̀ débi pé ẹ̀yìn ènìyàn ni ọmọ yín á máa wò, kò ní rí kìnnìún. Bó bá di dandan pé kẹ́ ẹ jáde lọ́jọ́ náà, Àgodi ló gbòòrò jù láti gba èrò.

IITA, fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́

Èyí kì í ṣe ibi àwọn tó ń wá ariwo, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kó o pọ̀ mọ́ àwọn méjì òkè. Ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni IITA, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1967 lápá Mọ́níyà. Ilẹ̀ wọn tó 1,000 hẹ́kítà, igbó sì gba nǹkan bí 350 nínú rẹ̀. Igbó yìí ni ìyàlẹ́nu ibẹ̀. Oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ríro rẹ̀ dúró, tí kò sẹ́ni tó ń gé igi níbẹ̀ mọ́, ó padà di igbó fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ilẹ̀ tí wọ́n ti ro kò lè padà sípò mọ́, kó rìn níbẹ̀ láàárọ̀ kan.

Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ ìlú wa wà lára rẹ̀, Malimbus ibadanensis. Ìbátan ẹyẹ ẹ̀gà ni, dúdú, pẹ̀lú pupa lórí àti ọrùn. Elgood, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ nípa rẹ̀ fún aráyé ní 1958. Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé, ó sì wà lára ẹyẹ tó fẹ́ parun. Àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfúrufú wá wò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mi ò ṣèlérí pé ẹ ó rí i o, ẹyẹ ò gbọ́ àṣẹ.

Kò sí pé à ń já wọ ibẹ̀ bí ẹni já wọ ọjà. Ẹ gbọ́dọ̀ ti bá wọn ṣètò sílẹ̀, kí orúkọ yín sì wà ní géètì. Ẹni tó ní àlejò ọjọ́ kan, tí kò sì ṣètò, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Tọkọtaya tí ariwo ìgboro ti sú, tàbí olùkọ́ báyọ́lọ́jì, àwọn ni mo rò pé ibẹ̀ bá mu.

Òjò, ọyẹ́, ọkọ̀

Oṣù tẹ́ ẹ bá lọ lè yí gbogbo ìmọ̀ràn òkè yìí padà. Lákòókò ọyẹ́, eruku á bo ojú ọ̀run, ẹni tó gun Layípo á rí funfun kan ṣáá, kò ní rí Dùgbẹ̀. Ìgbà tó dára jù fún òkè ni àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò, nígbà tí omi ti fọ eruku dànù. Nígbà òjò gan-an, Aléṣinlóyè ni kẹ́ ẹ lọ. Òjò ọ̀sán kò ṣe é bá figa gbága ní Àgodi, ilẹ̀ á rọ̀, ọmọ á yọ̀.

Ti ọkọ̀, ẹ fi ìhà ìlú ṣètò rẹ̀. Mùsíọ́ọ̀mù wà nítòsí Dùgbẹ̀, takisí Máíkírà pọ̀ lójú ọ̀nà náà, ọjà Aléṣinlóyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra aṣọ. Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, adágún Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n sé ní 1942 wà lápá ibẹ̀ náà. Òkè Àrẹ, Màpó àti Kúdẹtì jọ wà ní ìlú àtijọ́. Ọ̀nà há, ẹ má gbé jíìpù ńlá lọ, ọ̀kadà tàbí ẹsẹ̀ yín ló dára jù. Yunifásítì àti IITA wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, àmọ́ ẹ má kó wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan. Súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Ojóò nírọ̀lẹ́ á jẹ ẹ̀kejì run.

Owó ìwọlé kì í dúró lójú kan, ọmọdé àti àgbà kì í sì sábà san iye kan náà, nítorí náà ẹ fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ bèèrè ti kámẹ́rà lọ́tọ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò, bí fóònù lásán tilẹ̀ ni. Olùkọ́ tó fẹ́ kó kíláàsì lọ, kó kọ lẹ́tà ṣáájú, kó má sì mú ọjọ́ tó kángun sí ìparí táàmù, torí gbogbo ilé ìwé ló máa ń yan ọjọ́ náà. Kó pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ kéékèèké kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ 40 tí wọ́n jọ rọ́ lọ síwájú ìkòkò kan, ẹ̀yìn orí ara wọn ni wọ́n á wò.